Ẹ̀rín Ọ̀fẹ́ Kò Sí: Gbèsè Tí Ìlú Jẹ Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀

Ẹni tó bá dàgbà sí Ọ̀tà tàbí Adó-Odò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀fẹ̀ fún un. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gbilẹ̀ ní Kétu, tó gba ilẹ̀ Yewa kọjá, kò yọ àwọn Àwórì sílẹ̀. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, òru ẹ̀fẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wáyé. Òṣèré ẹ̀fẹ̀ yóò bọ́ sójú agbo, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn àgbà ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá la ẹnu rẹ̀ sí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀: ìjòyè tó kó owó ìlú jẹ, olówó tó ń fi ìyà jẹ aláìní, ọkọ tó sá fún ẹrù ilé rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bà ní láti bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá bínú lójú agbo ti jẹ́wọ́. Àwọn àgbà ti fi òwe dáàbò bo irú òṣèré bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ní ọba kì í mú ọ̀kọrin.

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi oyè yẹn yangàn gbọ́dọ̀ rántí pé ẹ̀fẹ̀ kò fi ìgbà kan rí dá dúró. Ìlú ló gbé e ró. Ìlú fún un láṣẹ láti sọ̀rọ̀, ìlú mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìlú sì fi owó àti oúnjẹ mọ rírì rẹ̀. Àṣẹ, orúkọ, oúnjẹ: nǹkan mẹ́ta yìí ló gbé ẹ̀fẹ̀ níyì. Nǹkan mẹ́ta yìí kan náà ni àwùjọ òde òní ti gbà lọ́wọ́ ẹni tó jogún ẹ̀fẹ̀, ìyẹn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, tó ń ya ohun tí àwọn ará ìlú ń pè ní kàtúùnù.

Bí ènìyàn bá rìn láti abẹ́ afárá Sango gba ọ̀nà Ìdírókò lọ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó mọ àwòrán yà ni yóò máa rí: pátákó onígbàjámọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ danfo, ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, báńà ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ìpínlẹ̀ Ògùn wà, láti Sango dé Àgbárá àti Ìgbẹsà. Kò sí iléeṣẹ́ tí kò nílò ayàwòrán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀bùn náà ní àgbègbè yìí lè rí jẹ, bí ó bá ti gbà láti máa ya kìkì ohun tí oníbàárà fẹ́. Èyí tí ọkàn tirẹ̀ fẹ́, òru ló kù fún un. Lórí fóònù rẹ̀ ni yóò ti ya ọ̀gá ìjọba tó fi ọkọ̀ ojú omi kọjá nínú kòtò ojú títì, tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ tán kí ọkọ̀ tó gbé e délé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò fi àwòrán náà sórí Facebook, yóò sì padà sídìí ọ̀rá omi.

Orúkọ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1937, Nnamdi Azikiwe dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó di àwọn ọdún 1940, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan, Akinọlá Láṣekàn, tí wọ́n bí ní ọdún 1916, ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ síbẹ̀. "Lash" ni ó máa ń kọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè wo àwòrán Lash kí ó sì mọ ohun tí òyìnbó amúnisìn ń ṣe sí ilẹ̀ rẹ̀. Ìjọba náà mọ ohun tí ìwé ìròyìn yẹn lè ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi òfin dè é ní oṣù Keje ọdún 1945, nígbà ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò. Síbẹ̀, nínú gbogbo ewu yẹn, kò sí ẹni tó gé orúkọ Lash kúrò lára iṣẹ́ Lash.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Dele Jegede, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó ṣe olóòtú ẹ̀ka àwòrán ní Daily Times láti ọdún 1974 sí 1977, ni àwọn òǹkàwé mọ̀ mọ́ ọmọ aláìgbọràn tó ń jẹ́ Kole the Menace. Josy Ajiboye ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú Sunday Times. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Guardian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, kò pẹ́ tí òǹkàwé fi mọ ọwọ́ Bisi Ogunbadejo yàtọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni owó oṣù wọn tó, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ wọn, ó mọ ẹni tó yẹ kí ó kí.

Lónìí ńkọ́? Àwòrán kò tíì lo wákàtí mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnìkan yóò fi ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí orúkọ wà, tí yóò lẹ orúkọ ojú ewé tirẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì jù ú sí ẹgbẹ́ WhatsApp. Láti ibẹ̀ yóò dé ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan náà. Ẹni tó fi òru kan ya àwòrán náà yóò wá rí i lórí fóònù ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá yóò máa fi hàn án, yóò máa rẹ́rìn-ín, kò sì ní mọ̀ pé ọmọ òun ló yà á. Ẹni tó gbé ọ̀pá ìdábùú ẹnubodè aládùúgbò lọ ni wọ́n ń pè ní olè. Ẹni tó gé orúkọ oníṣẹ́ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, aláwàdà ni wọ́n ń pè é.

Àwọn kan yóò ní kí ni ìbínú, ṣé bí wọ́n ṣe ń pín in káàkiri kọ́ ni wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀? Ìpolówó tí orúkọ ọlọ́jà kò sí nínú rẹ̀, ta ni ó ń polówó? Òfin pàápàá kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Òfin àṣẹ-oníṣẹ́ tuntun, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó ya àwòrán ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó kù ni pé kí ẹni tí kò ní owó lọ́yà rí ọ̀nà gbà lo òfin tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ, oúnjẹ ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ lè dá dúró ní ilẹ̀ yìí, kí ó béèrè nípa Ikebe Super. Ní ọdún 1976, Wale Adenuga, tí ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti ìgbà tó wà ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ìwé àwòrán tirẹ̀. Kò sí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ńlá tó gbé e sí àpò. Papa Ajasco, Boy Alinco, Pa Jimoh, Miss Pepeye: gbogbo wọn inú ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ wáyé kí wọ́n tó di èrò tẹlifíṣọ̀n. Owó tí òǹkàwé ń san fún fẹ́ńdọ̀ ló bọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ rà á, mẹkáníìkì rà á, ọ̀gá báńkì rà á ó sì fi fáìlì bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló sanwó náà, kò sí ọwọ́ kan tó lè mú un lọ́rùn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi adùn ìrántí bo àléébù rẹ̀. Ìdí obìnrin ni Ikebe Super fi ṣe orúkọ, ọ̀pọ̀ àwàdà inú rẹ̀ ni kò sì ka obìnrin sí ènìyàn tó ní làákàyè. Àríwísí yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn rẹ̀ kò yí padà: ẹni tí òǹkàwé bá bọ́ kò ní láti tẹrí ba fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí Ikebe Super gbà yẹn ti há báyìí. Orílẹ̀-èdè yìí dá iléeṣẹ́ tó yẹ kí ó máa ṣe ìwé sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Oku-Iboku àti ní Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, síbẹ̀ òkè òkun ni bébà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ti ń wá. Bí dọ́là bá ti gòkè, ìwé ìròyìn yóò dín ojú ewé kù, ibi tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ wà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ayàwòrán wá sá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, ẹni tó wo iṣẹ́ rẹ̀ ra dátà, owó dátà lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ fóònù. Wọ́n polówó ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, owó ìpolówó lọ sí Amẹ́ríkà. Gbogbo ènìyàn ló jẹ níbẹ̀ àfi ẹni tó se ọbẹ̀.

Nígbà tí owó bá sì wá, ibi tó ti ń wá náà yẹ ní àròjinlẹ̀. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló fúnra rẹ̀ tẹ ìwé àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 2015. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde lẹ́yìn náà ni Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin kan ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Dark Horse, iléeṣẹ́ ìwé àwòrán ní Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 2021. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó ti di eré lórí Cartoon Network. Orúkọ Yorùbá ni, aṣọ Yorùbá ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, owó Amẹ́ríkà ló sì gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n. Okupe kò jẹ̀bi, ó yẹ kí wọ́n gbé òṣùbà fún un ni. Àwọn olówó ilé ló yẹ kí ojú tì, àwọn tó lè ná owó fún òṣèré ní òde àríyá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ìdá kékeré nínú rẹ̀ ra ìwé àwòrán kan tí ọmọ wọn yóò fi èdè abínibí rẹ̀ kà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ikùn ayàwòrán nìkan ni èyí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yé. Àwọn ará Sango mọ ìyà tí ojú títì Èkó sí Abẹ́òkúta ti fi jẹ wọ́n láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n mọ òjò tó ń sọ ojú ọ̀nà di odò, wọ́n mọ òórùn tó ń ti inú iléeṣẹ́ jáde lóru. Ta ni yóò ya á? Ayàwòrán tó ń gba iṣẹ́ ọ̀rá lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kò ní ya èéfín iléeṣẹ́. Èyí tó ń ya ojú olóṣèlú sára pátákó ìpolongo kò ní ya kòtò tí olóṣèlú yẹn ṣèlérí láti dí. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá sì jìnnà; ọ̀rọ̀ Ọ̀tà kì í dé ojú ewé wọn àfi bí ọkọ̀ agbépo bá gbiná. Ẹni kan ṣoṣo tó kù tó lè ya ìṣòro àdúgbò yìí láìbẹ̀rù oníbàárà ni ayàwòrán tí àwọn ará àdúgbò ń bọ́. Bí wọn kò bá bọ́ ọ, kò sí i.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ dé orí àṣẹ. Ìjọba ológun kò fi bò rí pé àwọn kò fẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n fi òfin tí wọ́n ń pè ní Decree 4 ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1993, wọ́n fi òfin de TheNews. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ gbé Tempo jáde, wọ́n sì ń ti ibi ìfarapamọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìjọba alágbádá ti dé, ọ̀rọ̀ náà sì gba ọ̀nà mìíràn yọ. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá fi ohun tí yóò ṣẹ̀sín ẹlòmíràn tàbí yọ ọ́ lẹ́nu ránṣẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kí ó san mílíọ̀nù méje náírà. Kí ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ bí kì í bá yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu? Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 pé abala yìí tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò lé ẹ̀rù lọ pátápátá, nítorí ẹni tí ọlọ́pàá bá ti gbé ní ọjọ́ Ẹtì mọ̀ pé kí adájọ́ tó túmọ̀ òfin, òun yóò ti sun àtìmọ́lé.

Kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n mú Ramón Esono Ebalé ní ìlú Malabo, ní orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, ayàwòrán tó ti ń fi ààrẹ ilẹ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní owó ayédèrú ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lo oṣù márùn-ún ó lé lẹ́wọ̀n kí ọlọ́pàá tó fẹ̀sùn kàn án tó jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ pé wọ́n pàṣẹ fún òun ni. Ní Kenya, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n jí ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kibet Bull gbé, ẹni tó ń ya Ààrẹ Ruto bí òjìji dúdú. Oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí i. Àwọn méjèèjì yìí, kò sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tí lọ́yà rẹ̀ yóò sáré dé. Ariwo àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì mọ orúkọ wọn, ló ṣe odi fún wọn. Ẹni tí wọ́n ti gé orúkọ rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, ta ni yóò pariwo nítorí rẹ̀?

Àwọn àgbà kan yóò ní ilẹ̀ Yorùbá kì í fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, àrífín ni. Àgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà ti gbàgbé ohun tí bàbá rẹ̀ ń lọ wò lóru ẹ̀fẹ̀. Ọ̀wọ̀ kò fi ìgbà kan rí túmọ̀ sí pé kí ìlú máa wo olórí tó ń ṣìṣe níran. Òṣèré ẹ̀fẹ̀ júbà kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Ìjúbà tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, àwọn tó ń wá owó lọ́dọ̀ olówó ló ń ṣe é.

Àwọn ayàwòrán náà ní ẹ̀bi tiwọn. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́, àwọn kan a máa ta ọwọ́ wọn fún ẹgbẹ́ òṣèlú, wọn a ya alátakò bí ẹran, wọn a fi ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ṣe àwàdà. Àwọn mìíràn kò mọ ohun mìíràn ju kí wọ́n fi arọ tàbí obìnrin tó sanra pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tó ń na ẹni tó ti ṣubú kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú dáàbò bo òun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìlú rí i pé ìlú ni òun ń ṣiṣẹ́ fún.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro. Kí òǹkàwé tó bá fẹ́ pín àwòrán fi orúkọ ẹni tó yà á sílẹ̀, kí ó sì kọ̀ láti pín èyí tí wọ́n ti gé. Kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ ẹnìkan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ fi owó káàdì fóònù kan ránṣẹ́ sí i lóṣù. Kí ìwé ìròyìn àti ojú ewé ìròyìn, pàápàá àwọn tó ń fi Yorùbá kọ̀wé, kọ iye tí wọn yóò san sílẹ̀ kí wọ́n tó gba iṣẹ́, kí wọ́n sì san án lásìkò. "A ó dárúkọ rẹ" kì í ra gáàrì. Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde, ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Kò yẹ kí ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa wá ayàwòrán tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn lọ́yà tó wà ní Ọ̀tà gba ẹjọ́ ayàwòrán kan lọ́dún láìgba owó. Kí àwọn ayàwòrán fúnra wọn kó ara wọn jọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye owó tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ wọn sí àárín àwòrán, níbi tí ọ̀bẹ olè kò lè dé láìba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ti ìjọba, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún: kí ó ṣe bí àwọn ọba àtijọ́ ti ṣe lójú agbo. Kí ó jókòó, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, kí ó rẹ́rìn-ín bí ó bá lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì lọ dí kòtò ojú títì ní ọjọ́ kejì.